Ọmọ mi ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, Ìtàn ló ní òun fẹ́ kà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àbígbẹ̀yìn, Houston (Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà láìsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nílẹ̀ yìí ju agbára èmi nìkan lọ.

Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kan níbí ní Texas. Básíkẹ́ẹ̀tì ló gbé e wọlé, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Mi ò fi ọmọ mi yangàn o, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n gbá. Ní sáà tó kọjá, òun ló ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n jù lọ nínú ẹgbẹ́ wọn, àwòrán ẹ̀ gàgàrà sì wà lára ògiri gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá a. Ibi tí ìjà wà ni ìwé. Wọ́n ní kó yan kọ́ọ̀sì tó máa fi gba dìgírì kí ọdún kẹta tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ti sọ fún gbogbo ìyá ìjọ pé nọ́ọ̀sì ni, bíi tèmi. Ó dé fún ìsinmi, ó jókòó sórí àga nínú kíṣìnì níbi tí mo ti ń ro àmàlà, ó ní, "Mọ́mì, Ìtàn ni mo fẹ́ kà."

Mo ní ìtàn wo? Ìtàn Ìjàpá?

Èyí tó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni pé olùdámọ̀ràn tí wọ́n yàn fún àwọn eléré náà ní kó má kà á. Ó ní aago mẹ́ta ọ̀sán ni àwọn kíláàsì ìjíròrò Ìtàn máa ń bọ́ sí, aago mẹ́ta náà sì ni wọ́n ń ṣe ìdánrawò. Ó ní kó mú kọ́ọ̀sì kan tó fúyẹ́, tí ìdajì ẹgbẹ́ wọn ń kà. Ọmọ bú sẹ́kún. Bàbá ẹ̀ dákẹ́, ẹ sì mọ irú ìdákẹ́ tí àwọn ọkùnrin wa máa ń dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gba ọ̀nà yìí rí, ṣé kí n jẹ́ kó kà á? Ṣé wọn ò ní gba sikọ́láṣípù lọ́wọ́ ẹ̀? Kí lèèyàn tiẹ̀ ń fi Ìtàn ṣe nílùú yìí?

Ẹ̀gbọ́n Dallas (9:52 alẹ́)

Màmá, ẹ kú làálàá ọmọ. Mi ò ní tàn yín. Ìtàn kì í san owó ilé. Ẹ jẹ́ kó ka nọ́ọ̀sì. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣẹnu ire, a dúpẹ́; bí kò bá ṣẹnu ire, iṣẹ́ ń dúró dè é. Ìtàn tó bá wù ú, kó máa kà á lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó sùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Maryland (10:15 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Dallas, ẹ rọra. Ṣé ẹ ti ka nọ́ọ̀sì rí ni, àbí ẹ kàn ń rí wa lọ́sibítù? Ọdún kọkàndínlógún mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Tí ọmọ bá ti wọnú kọ́ọ̀sì yẹn dáadáa, wọn á máa rán an lọ sí ọsibítù. Aago méje àárọ̀ ò gbọdọ̀ bá a lójú ọ̀nà, ó sì lè má kúrò ńbẹ̀ títí di aago méje alẹ́. Kíláàsì téèyàn ò lọ, ó lè wo ìwé ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ. Wákàtí ọsibítù téèyàn ò lọ, àfi kó padà wá ṣe é. Kóòṣì wo ló máa gba irú ẹ̀ nínú oṣù Kejì tí ìdíje ti gbóná?

Mi ò ní kò sẹ́ni tó ṣe é rí. Mo mọ ẹnì kan tó ṣe é. Ọdún márùn-ún ló fi ṣe é, ó sì rù hangogo. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá jẹ́ ìṣòro Ìtàn, ti nọ́ọ̀sì jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìyá Àbígbẹ̀yìn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń fojú fò ó ni.

Ìyá Àbígbẹ̀yìn, Houston (10:21 alẹ́)

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Gbá-á-Sílẹ̀, Atlanta (11:03 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, Mọ́mì. Mo gbá bọ́ọ̀lù yìí fún ọdún mẹ́rin ní Division I, ìpele tó ga jù nínú eré yunifásítì, kọ́ọ̀sì òṣèlú ni mo sì kà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré àwọn yunifásítì, ṣe rí, torí ó jọ pé ọ̀rọ̀ sikọ́láṣípù ló ń bà yín lẹ́rù jù.

Kò sí òfin tó ní kí wọ́n gba sikọ́láṣípù lọ́wọ́ ọmọ torí pé Ìtàn ló yàn. Ohun tó ń dá eléré jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni yúnìtì, ìyẹn iye ẹ̀kọ́ tó ti kà yege. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta, ó gbọ́dọ̀ ti ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún dìgírì ẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹrin, ọgọ́ta. Tó bá máa lo ọdún karùn-ún, ọgọ́rin. Tí dìgírì náà bá jẹ́ yúnìtì 120, ìyẹn túmọ̀ sí 48, 72 àti 96. Yúnìtì tó wúlò fún dìgírì tó yàn yẹn nìkan ni wọ́n sì ń kà. Ibẹ̀ ni pàkúté wà. Ọ̀rẹ́ mi kan yí kọ́ọ̀sì padà nígbà tí ọdún kẹta ń parí lọ. Púpọ̀ nínú yúnìtì tó ti kó jọ ò bá ti tuntun mu. Nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá, aṣọ ilé ló wọ̀ tó jókòó wò wá. Nítorí náà, tó bá máa ka Ìtàn, kó yàn án báyìí. Kó má lọ mú èyí tó fúyẹ́ kó wá ní òun á yí i tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ wákàtí náà ńkọ́? Ìwé òfin ní wákàtí ogún lọ́sẹ̀ ni bọ́ọ̀lù lè gbà lọ́wọ́ ọmọ nígbà ìdíje, kó má ju mẹ́rin lọ lójúmọ́, kó sì sinmi ọjọ́ kan. Ẹ má gbára lé e. Ọjọ́ tí a bá lọ gbá bọ́ọ̀lù, wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ àárọ̀ ṣúlẹ̀ la fi wà lẹ́nu ẹ̀. Wọn kì í ka ìrìn àjò mọ́ ọn rárá. Pépà kan wà tí mo kọ nínú bọ́ọ̀sì. Aago mọ́kànlá ti lù, wọ́n fi báńdéèjì di áìsì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi tó wú, iná fóònù ni mo fi ń rí kíbọ́ọ̀dù, mo sì gbọ́dọ̀ fi pépà náà ránṣẹ́ kó tó di aago méjìlá. Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Awakọ̀ ló gbọ́ igbe mi tó yà sílé epo kan kí n lè rí wáìfáì wọn lò. Mi ò mọ orúkọ bàbá yẹn dòní, ṣùgbọ́n mo máa ń gbàdúrà fún un.

Ti aago mẹ́ta: olùdámọ̀ràn àwọn eléré ò purọ́, àmọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ọmọ má pàdánù eré. Kí ọmọ yín lọ rí olùdámọ̀ràn ẹ̀ka Ìtàn fúnra ẹ̀. Kó béèrè àwọn kíláàsì tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ọdún méjì tó ń bọ̀, kó kó èyí tó wà láàárọ̀, kó sì kó yúnìtì dáadáa nígbà sọ́mà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà ẹ̀kọ́, kó ti mú lẹ́tà ọjọ́ ìrìn àjò wọn fún olùkọ́. Kó má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀la. Pírójẹ́ẹ̀tì ọdún kẹrin ni kó ṣọ́ra fún jù, torí oṣù Kẹta tí ìdíje ńlá wà náà ni pírójẹ́ẹ̀tì máa ń ká ọmọ mọ́. Kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní sọ́mà tó ṣáájú.

Ẹ̀gbọ́n Dallas (Ọjọ́ Ajé, 6:30 àárọ̀)

Mo gba ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì mi padà. Ṣùgbọ́n tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù. Ṣé kì í ṣe ọmọ wa ni Arike Ogunbowale? Bọ́ọ̀lù méjì tó jù wọlé nígbà tí aago fẹ́ẹ̀ kú tán, ló fi gba ife fún yunifásítì Notre Dame ní 2018. Owó wà ńbẹ̀ jàre.

Gbá-á-Sílẹ̀, Atlanta (7:05 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, obìnrin 36 péré ni WNBA, líìgì àwọn obìnrin tó ń fi básíkẹ́ẹ̀tì jẹun, mú ní 2024, nínú gbogbo àwọn tó ń jáde ní yunifásítì àti àwọn tó tòkè òkun wá. Caitlin Clark tí wọ́n kọ́kọ́ mú, 76,535 dọ́là ni owó ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀. Ìpolówó ọjà ló sọ ọ́ dolówó, kì í ṣe owó iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n tiẹ̀ mú yẹn, kì í ṣe gbogbo wọn ló rí àyè nínú ẹgbẹ́ nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbá a tọkàntọkàn, èmi náà gbá a bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ló bá mi parí ẹ̀, kò bi mí kó tó já.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Ohio (7:48 àárọ̀)

Kí ẹ tó lọ jìnnà: Mọ́mì, físà lọmọ yín ń lò ni, àbí ibí lẹ bí i sí? Àbúrò mi ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Lẹ́yìn dìgírì, oṣù 12 ni wọ́n ń fún ẹni tó ka Ìtàn láti fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó ka sáyẹ́ǹsì, kọ̀ǹpútà tàbí ẹnjiníà lè rí oṣù 24 sí i. Ìdí tí àbúrò mi fi ń ka kọ̀ǹpútà nìyẹn, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ẹ̀.

Owó tí ilé iṣẹ́ ń san láti fi orúkọ àti àwòrán eléré polówó ọjà, tí wọ́n ti ń jẹ́ kí àwọn eléré yunifásítì gbà láti oṣù Keje 2021 náà, ẹlẹ́físà ò lè kàn nawọ́ gbà á, torí wọ́n lè kà á sí iṣẹ́. Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo tó gba àmì eléré tó dára jù lọ ní 2022 nígbà tó wà ní yunifásítì Kentucky, ìgbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bahamas ló tó ráyè ṣe ìpolówó. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó tọwọ́ bọ ohunkóhun.

Ìyá Àbígbẹ̀yìn, Houston (8:10 àárọ̀)

Ibí la bí i sí, ọmọ mi. Ẹ ṣeun. Bá mi kí àbúrò ẹ.

Jẹ́jẹ́ Layé, Lagos (10:27 àárọ̀)

Kareem Abdul-Jabbar ni kẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ fún un. Lọ́ọ̀ ni bàbá yẹn kà, ó sì gba ife NBA mẹ́fà.

Tíṣà Ìtàn, Ìbàdàn (12:40 ọ̀sán)

Jẹ́jẹ́, ìlàjì lo gbà. Ife mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́ọ̀, rárá o. Ìtàn ló kà ní yunifásítì UCLA, ó sì gba dìgírì ẹ̀ ní 1969, lẹ́yìn tí òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ti gba ife àwọn yunifásítì ní 1967, 1968 àti 1969. Lew Alcindor ló ń jẹ́ nígbà náà. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ yẹn, ó ń kọ ìwé ìtàn. Ọ̀kan dá lórí àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tó wa tánkì ní Yúróòpù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ẹ gbọ́ èyí, Màmá. Orúkọ Alcindor yẹn, ọkùnrin náà ti ṣàlàyé pé orúkọ olówó ẹrú ni, ará Faransé kan tó ní oko ńlá, tó kó àwọn baba ńlá bàbá òun lẹ́rú. Trinidad ni ìdílé bàbá ẹ̀ ti wá sí Amẹ́ríkà. Ó ní Yorùbá ni wọ́n, pé bàbá òun ló wádìí ẹ̀ nígbà tí òun ṣì kéré, àti pé mímọ̀ tí òun mọ̀ ọ́n ló jẹ́ kí òun mọ̀ pé òun jẹ́ èèyàn. Ọmọ wa ni, ó jìnnà ni. Èmi ò lè fi ẹnu mi sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé Ìtàn ò wúlò.

Òun nìkan kọ́. Bill Bradley ka Ìtàn ní Princeton, ó jáde ní 1965. Pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dá lórí bí Harry Truman ṣe jà fitafita kó má pàdánù ìjókòó ẹ̀ nílé aṣòfin àgbà ní 1940. Nínú ọdún 1965 yẹn kan náà, ó ju àmì 58 nínú eré kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n pàdé Wichita State. Wọ́n mú un fún NBA, ó ní kí wọ́n ní sùúrù, ó lọ kàwé sí i ní Oxford fún ọdún méjì. Ó padà, ó bá Knicks, ẹgbẹ́ New York, gba ife NBA ní 1970 àti 1973, ó wá ṣe sẹ́nétọ̀ New Jersey fún ọdún 18.

Tí ọmọ náà bá sì fẹ́ wádìí nípa ilé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Toyin Falola, ọmọ Ìbàdàn níbí, ti ń kọ́ Ìtàn ní yunifásítì Texas ní Austin fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Texas kan náà lẹ wà.

Ọlọ́jà Peckham (1:15 ọ̀sán)

Háà! Wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ bí ẹran ṣe ń tóbi tó, ẹ lọ fa erin méjì wá. Tíṣà, ẹ sọ ti ẹni tó ka Ìtàn tí kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje.

Tíṣà Ìtàn, Ìbàdàn (1:19 ọ̀sán)

Èmi rèé. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ààbọ̀. Owó oṣù mi ni mi ò ní sọ.

Tú-Ìwé-Wò, Midland (4:50 ìrọ̀lẹ́)

Ọlọ́jà, mo rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà ka Ìtàn, mi ò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé mi, iṣẹ́ epo ni mo sì ń ṣe ní West Texas. Wọ́n ń pè wá ní landman, bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin.

Bó ṣe rí nìyí. Ní Texas, ẹni tó ni ilẹ̀ lè má ni epo tó wà lábẹ́ ẹ̀. Bàbá àgbà kan ta ilẹ̀ ẹ̀ láyé àtijọ́, ó ní òun ò ta epo mọ́ ọn. Ó kú, ó fi ẹ̀tọ́ epo yẹn sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́sàn-án. Ọ̀kan lọ California, ọ̀kan kú láìbímọ, ọ̀kan fẹ́ ìyàwó méjì. Kí ilé iṣẹ́ epo tó gbẹ́ kànga, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù káńtì, kó ṣí àwọn ìwé ńláńlá tó ń rùn bí aṣọ inú àpótí, kó máa tọ orúkọ dé orúkọ títí yóò fi mọ ẹni tí owó tọ́ sí. Èmi lẹni náà. Kíka ìwé ọwọ́ àwọn ará àtijọ́, àti bíbéèrè ìdí tí ẹni tó kọ̀wé fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ní kíláàsì Ìtàn ni mo ti kọ́ ọ, òun ni mo sì ń jẹ.

Mi ò ní tàn yín náà: iṣẹ́ yìí kì í dúró sójú kan. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní 2020, ilé ni wọ́n ní kí n lọ jókòó sí fún oṣù mẹ́jọ. Nínú àwọn tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ jáde tí mo ṣì ń bá sọ̀rọ̀, méjì ń kọ́ ọmọ níléèwé, ọ̀kan padà lọ ka lọ́ọ̀, ọ̀kan ń ta ilé, ó ní òun ò lo Ìtàn fún nǹkan kan rí. Ẹni tí ò bá wá ojú iṣẹ́ kó tó jáde máa jìyà. Kí ọmọ yín wá ibi tó máa ti fi sọ́mà kan kọ́ṣẹ́, ìbáà jẹ́ mùsíọ́ọ̀mù, ìbáà jẹ́ kọ́ọ̀tù.

Ọlọ́jà Peckham (5:02 ìrọ̀lẹ́)

Èyí lọ̀rọ̀. Mo dákẹ́.

Ìyá Àbígbẹ̀yìn, Houston (Ọjọ́bọ̀, 10:12 alẹ́)

Ẹ kú ìmọ̀ràn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní kí n wá sọ ibi tí a dé.

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín sí i létí lórí fóònù. Ó ti lọ rí olùdámọ̀ràn ẹ̀ka Ìtàn. Wọ́n bá a to gbogbo kíláàsì ẹ̀, àárọ̀ ni púpọ̀ bọ́ sí, àfi ọ̀kan tó pọn dandan, tí kò ní ọjọ́ míì ju ọjọ́ Ọjọ́rú aago mẹ́ta. Kóòṣì ní kò burú, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ọjọ́rú, aago mẹ́fà àárọ̀ ló máa wá dá ju bọ́ọ̀lù ọgọ́rùn-ún márùn-ún. Mo ní ṣé ìyà kọ́ nìyẹn? Ó ní, "Mọ́mì, mo ti gbà."

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà gan-an kì í ṣe Kareem o, ẹ má bínú, Tíṣà. Mo bi í léèrè pé kí ló tiẹ̀ rí níbẹ̀. Ó ní ṣé mo rántí pépà kan tó kọ lọ́dún tó kọjá, tó fi ní kí n bá òun pe Màmá àgbà ní Ìbàdàn. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo rò pé ó kàn fẹ́ kí wọn ni. Mi ò mọ̀ pé ó ti ń bi wọ́n nípa Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà lórí owó orí ní 1968 sí 1969. Ó gbé ohùn wọn sí i fún mi. Ìyá mi, tí kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún èmi tó bí rí, ń sọ bí àwọn obìnrin ṣe ń fi ọkọ pamọ́ sínú oko kòkó tí àwọn agbowó orí bá ti ń bọ̀. Wọ́n wá bú sí orin: "Ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san." Ọmọ mi dá ohùn dúró, ó ní, "Mọ́mì, kí ni ọ̀kẹ́ mẹ́fà?" Ojú tì mí. Mi ò mọ̀.

Jẹ́jẹ́ Layé, Lagos (10:30 alẹ́)

Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, Mọ́mì. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà á jẹ́ 120,000. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wo ló ní 120,000 pọ́n-ùn nígbà náà?

Tíṣà Ìtàn, Ìbàdàn (10:44 alẹ́)

Lónìí o gbà á ju ìlàjì lọ. 120,000 owó ẹyọ ni, kì í ṣe pọ́n-ùn. Nígbà tí owó òyìnbó dé, àpò kan tó ní ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan nínú ni wọ́n ń kà sí ṣílè márùn-ún. Orúkọ yẹn ò kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè, ìyẹn pọ́n-ùn kan àbọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìyẹn làwọn lè san, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọmọ náà kọ ọ́ sínú pépà ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àbígbẹ̀yìn, Houston (11:01 alẹ́)

Ó ti gbọ́, ó ń kọ ọ́. Ó ní ó fẹ́ sọ ọ́ di pírójẹ́ẹ̀tì tó bá dé ọdún kẹrin. Ó ní kí n bi yín: ṣé ẹnikẹ́ni ní rìsíìtì owó orí ayé ìgbà yẹn? Kó rí bí ó ṣe rí lásán ni.

Ọmọ Àgbẹ̀, Ìdí-Ayùnrẹ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 7:20 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀, Mọ́mì. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látọjọ́ Àìkú. Ti bàbá mi wà nínú àpótí páànù wọn, wọ́n ká a sínú ọ̀rá pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó wọn. Wọ́n ní ìgbà yẹn, ẹni tí kò bá ní in lápò kì í dá a láṣà láti gba ojú títì lọ sọ́jà. Ikán ti jẹ apá òsì, orúkọ bàbá mi ti ku ìdajì. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí yín lábẹ́lẹ̀. Ẹ sọ fún un kó fẹ apá ọ̀tún lókè dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọdún sí.